Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ẹni Tí Ó Ní Òun Yóò Fèsì

Ọgbọ́n ńlá wà nínú orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, èyí ni pé ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Nígbà tí àpótí náà kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1935, tí wọ́n ń fi wáyà gbé ohùn láti ilé kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Àpótí ń sọ, onílé ń gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ onílé, ó lè rẹ́rìn-ín. Bí ó bá dùn ún, ó lè bínú pa á. Ṣùgbọ́n kò lè dá a lóhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, láti inú orúkọ yìí ni a ó ti yẹ iṣẹ́ kan wò, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í sì í ronú lé lórí: iṣẹ́ akọ̀ròyìn òṣèlú lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ni ó ń sọ ẹnì kan di àgbà nínú iṣẹ́ náà, tí tọ̀tún tòsì fi ń bọ̀wọ̀ fún un? Kí ni ó sì ń sọ ẹlòmíràn di agbẹnusọ fún ẹni tó wà lórí àga, tí iyì rẹ̀ fi ń bá ẹni náà lọ lọ́jọ́ tí àga bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Òkukù níhìn-ín, ó sì kan àwọn ará wa ní Ìkìrun àti ní Ìnísà. Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ohun tí a gbọ́ lórí ẹ̀rọ ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí àárín tọkọtaya, àárín ọmọ ìyá méjì, àti àárín àwọn tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nínú ìjọ. Ní ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 péré ni ó wà láàárín ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìdìbò ṣe ní àwọn ibùdó mélòó kan, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹnì kejì sì fi ìbò 482 borí. Níbi tí ìbò tó kéré báyìí ti lè pinnu ẹni tí yóò ṣe ìjọba, ìròyìn kan ṣoṣo tí a kò gbọ́ apá kejì rẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́ púpọ̀.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ ÌBÀDÀN

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ Uromi tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Ó gbé àbá kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú láti Òkè Ọya kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí a má dárúkọ ọdún, kí a kàn sọ pé nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an. Àwọn Ọlọ́pẹ àti àwọn NCNC bínú jáde kúrò nínú ilé.

Sir John Macpherson ni gómìnà ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà. Ó bọ́ sí orí rédíò ìjọba, ó sì dá àwọn Ọlọ́pẹ lẹ́bi létí gbogbo ilẹ̀ yìí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ náà ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà, kí òun lè fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe sí wọn yìí. Nígbà tí òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lo àyè náà. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Overseas Rediffusion da òwò pọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Oṣù mọ́kànlá ṣì kù kí Nàìjíríà gba òmìnira. Kò tíì sí òmíràn ní ilẹ̀ wa. Ti Enugu dé ní ọjọ́ òmìnira ọdún 1960. Ti Kàdúná àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó kò dé títí di ọdún 1962.

Ìyá wa Àníkẹ́ Agbájé-Williams, tí ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò tẹ́lẹ̀, ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí lórí tẹlifíṣọ̀n náà. Kunle Olasope wà lára àwọn ọkùnrin tó ṣáájú nínú kíka ìròyìn níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn nígbà yẹn. Ojú-ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ń lọ sí ilé àwọn ènìyàn. Bí atọ́kùn ètò bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó ti jáde nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ìjọba sọ pé ẹ̀rọ tuntun náà yóò ran ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 lọ́wọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí gbòǹgbò kejì yìí. Ọkùnrin kan fẹ́ fèsì, wọn kò jẹ́ kí ó fèsì. Ìdí kan nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n fi tètè dé ilẹ̀ Yorùbá.

ILÉ TÍ A KỌ́ NÍTORÍ ÈSÌ

Ìbá dára bí ìtàn yìí bá parí síbẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1962 ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pín sí méjì, àwọn kan tẹ̀ lé Awólọ́wọ̀, àwọn kan tẹ̀ lé Ládòkè Akíntọ́lá. Nígbà tí Akíntọ́lá padà sí orí àga ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ń tẹ̀ lé ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 fi máa dé, ohùn àwọn Dẹ́mọ̀ tó ń ṣe ìjọba ni ó gba ibẹ̀ kan. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí pé a kò jẹ́ kí ẹnì kan fèsì wá di ilé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fèsì.

Ní oṣù kẹwàá náà, ẹnì kan wọ ilé rédíò ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn. Ó ní kí wọ́n yọ téèpù ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá kúrò, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká fún ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, sì dá a sílẹ̀. A kò gbóríyìn fún ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí nǹkan bàjẹ́ dé. Nígbà tí ènìyàn kò rí ẹnu ọ̀nà gbà fèsì mọ́, ojú fèrèsé ni àwọn kan ń gbà. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ń fi epo bẹntiróòlù sun ilé àti ènìyàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ń pè é ní wẹ́tíẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, Akíntọ́lá sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

Ní ọdún 1977, àwọn ológun kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA. Nígbà tí àwọn alágbádá padà dé ní 1979, òfin tún gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ní tiwọn. Òkukù ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ NPN ni ó wà ní ìjọba àpapọ̀; ẹgbẹ́ UPN tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà rẹ̀ ni ó wà ní Ọ̀yọ́. Bí ènìyàn bá tan ti ìjọba àpapọ̀, ìyìn NPN ni yóò gbọ́. Bí ó bá yí i sí ti ìpínlẹ̀, UPN ni yóò bá níbẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti di méjì. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 1983 pé Ọmọ́lolú Olúnlóyọ̀ ti NPN ni ó wọlé ní Ọ̀yọ́, tí ti Oǹdó sì di iná àti ikú, kò sí ẹ̀rọ kan tí tọ̀tún tòsì lè jọ gbà gbọ́. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú ń wá ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún un, àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ti ta ẹnu wọn.

ẸNI TÓ Ń PE ỌKỌ̀ NÍ GARÉÈJÌ

Ìbéèrè kan wà nígbà náà tí ó yẹ kí a bi ara wa. Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ yìí fún ogójì ọdún, kí ó máa bi àwọn olóṣèlú léèrè ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí ó má sì di ẹnu ẹgbẹ́ kan? Kí a lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kúrò nílé díẹ̀, kí a dé Amẹ́ríkà, nítorí ọkùnrin kan gbé níbẹ̀ tí ó ṣe é. Jim Lehrer ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1934 ni a bí i ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Baba rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kékeré kan tí kò pẹ́ tí ó fi kógbá sílé. Nígbà tí Lehrer ń lọ sí ilé-ìwé ní Victoria, ní Texas, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní garéèjì bọ́ọ̀sì, òun náà ni ó sì ń pe orúkọ ìlú tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ, kí èrò má bàa ṣi ọkọ̀ wọ̀. Títí ó fi dàgbà, ó ṣì lè pe àwọn ìlú náà lẹ́sẹẹsẹ láìwo ìwé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì Missouri, ó ṣe ológun fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di akọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn ní Dallas ní 1959, ọdún kan náà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Dallas ní ọjọ́ tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy níbẹ̀ ní 1963. Ọdún 1970 ni ó bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ ni ọ̀ràn Watergate. Àwọn ènìyàn Ààrẹ Nixon ni ó lọ́wọ́ nínú bí àwọn kan ṣe fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alátakò ní 1972, àwọn aṣòfin àgbà sì ń ṣèwádìí rẹ̀ ní 1973. Lehrer àti Robert MacNeil, ọmọ Kánádà, jókòó ti ìwádìí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n PBS tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ń fi gbogbo rẹ̀ hàn ní ọ̀sán, ó sì tún ń fi í hàn ní alẹ́ fún àwọn tó ti lọ sí ibi iṣẹ́. Wọn kò sọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò rò fún wọn. Wọ́n jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ tán, kí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn náà sì sọ tirẹ̀.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni ètò àwọn méjèèjì ti jáde ní 1975. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lálaalẹ́, lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ní 1983 ó di wákàtí kan gbáko. Ọ̀nà wọn rọrùn láti ṣàlàyé, ó sì ṣòro láti ṣe. Wọn yóò pe àwọn tí èrò wọn kò bára mu sí orí tábìlì kan. Wọn yóò fún olúkúlùkù ní àyè. Atọ́kùn yóò béèrè ìbéèrè kúkúrú, yóò sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ní ọdún kan náà tí ètò náà gbòòrò yìí, àrùn ọkàn kọlu Lehrer, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wà nídìí rẹ̀ títí di 2011.

Lehrer ní àwọn òfin tí ó fi ń darí ara rẹ̀. Ó ní òun kò ní ṣe ohun tí òun kò lè dúró tì bí wọ́n bá bi òun. Ó ní òun yóò kọ ìròyìn nípa ẹlòmíràn pẹ̀lú ìtọ́jú tí òun ìbá fẹ́ bí ó bá jẹ́ pé nípa òun ni. Ó gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní ó kéré tán apá kejì. Ó gbà pé ẹni tó ń wo òun nílé gbọ́n tó òun, ó sì ní inú rere tó òun. Ó sì ní iṣẹ́ eré kọ́ ni òun ń ṣe.

Nítorí èyí, ìgbà méjìlá ni wọ́n fi í ṣe atọ́kùn níbi tí àwọn tó ń du ipò Ààrẹ ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, láti 1988 títí dé 2012. Olóṣèlú kì í jẹ́ kí ẹni tí kò fọkàn tán jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn yìn ín. Ní 2012, nígbà tí Obama àti Romney pàdé ní Denver, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kọjá àkókò, pé agbára ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà ni wọ́n ṣe pè wọ́n síbẹ̀. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ní ẹni ọdún 85. Ẹni tó ń pe orúkọ ìlú kí èrò má ṣi ọkọ̀ wọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì.

ÀWỌN TÓ Ń GBÌYÀNJÚ NÍ ILẸ̀ WA

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Amẹ́ríkà nìkan ni èyí ti ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, M.K.O. Abíọ́lá àti Bashir Tofa jókòó sórí NTA, wọ́n fa ọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo Nàìjíríà, ìdìbò tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 12 oṣù náà sì lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, kí àwọn ológun tó fagi lé e. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1992 ti ṣí ọ̀nà fún àdáni láti ní tẹlifíṣọ̀n. Channels dé ní 1995, AIT tẹ̀ lé e ní 1996.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé ó lè sun àhámọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, Gbenga Aruleba, atọ́kùn ètò Focus Nigeria lórí AIT, gbé ọ̀rọ̀ iye owó àti ọjọ́ orí ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ yẹ̀ wò. Àwọn agbófinró inú lọ́hùn-ún mú un. Wọ́n fẹ̀sùn kan òun àti akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn kan pé wọ́n ń dìtẹ̀ sí ìjọba. Ẹ̀sùn yẹn, àwọn Òyìnbó amúnisìn ni ó fi sílẹ̀ fún wa. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti sọ láti ọdún 1983 lọ pé kò bá òfin ilẹ̀ wa mu mọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìjọba yọ ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn Aruleba. Ẹ wò ó: ìbéèrè nípa owó ìlú ni ó béèrè. Ìjọba tí ó ní àǹfààní láti wá sórí ètò kan náà kí ó fèsì, ó yàn láti ránṣẹ́ mú un.

Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ ní abala 95 pé kí àyè orí ẹ̀rọ ìròyìn dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, àti pé kí a má fi ẹ̀rọ ìjọba ti ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn. Ó dára lórí ìwé. Ọwọ́ àwọn tó ń jókòó níwájú kámẹ́rà, àti ọwọ́ àwa tí ń wò wọ́n, ni ìmúṣẹ rẹ̀ wà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ìwé Òwe orí 18 ẹsẹ 17 kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tó bá kọ́kọ́ rojọ́, pé ẹjọ́ rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó jàre títí ẹnì kejì yóò fi dé. Nikodémù náà dìde láàárín àwọn Farisí, ó béèrè bóyá ó tọ́ kí a dá ènìyàn lẹ́jọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé lásán ni a ń sọ.

Èkínní, sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, tí ẹ ń wo OSBC ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, tí ẹ sì ń sọ pé ẹ̀yin náà yóò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan: ẹ kọ́ èdè dáadáa, ẹ kọ́ ìtàn ilẹ̀ yín, ẹ kọ́ òfin. Bí olóṣèlú bá fún yín ní àpò ìwé lẹ́yìn ìpàdé àwọn oníròyìn, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá gba owó ọwọ́ kan kò lè fi ọwọ́ kejì kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún ẹni tó fún un.

Èkejì, sí ẹ̀yin òbí: bí ẹ bá jókòó wo ìròyìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè pé, "Ta ni a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ìbéèrè kékeré yìí yóò ṣe wọ́n láǹfààní títí wọn yóò fi dàgbà, nínú ìgbéyàwó wọn àti níbi iṣẹ́ wọn pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, sí gbogbo wa: fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lónìí ti sọ olúkúlùkù di ilé-iṣẹ́ rédíò. Ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé láàárọ̀ lè dé Ìkìrun kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí a tó fi ohùn tàbí àwòrán olóṣèlú kan ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a wádìí bóyá ó ti fèsì, kí a sì fi èsì rẹ̀ sí i. Bí a kò bá lè wádìí, kí a jẹ́ kí ó dúró sọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ìpolongo ìbò bá tún bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ onígbohùngbohùn bá ń kọjá lójú ọ̀nà, ẹ wo atọ́kùn tó bá jẹ́ kí alátakò sọ̀rọ̀ tán, kódà bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tilẹ̀ dùn mọ́ yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú wọn kò pọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn ní Òkukù ń gbọ́ wọn.